Àwọn Ìmẹ́lẹ́ Inú Ẹ̀rọ Ìyá Má-fọwọ́-kàn-án

                                                            Ilé Kejì sí Ilé Ìfọṣọ,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                                            Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Abẹ́rẹ́, àbúrò mi tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ẹni tí Ọlọ́run fún ní sùúrù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń bá ọ gbé di òní? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó jọ ọ́ nímú, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kó jọ ọ́ níṣẹ́? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró? Eyín tuntun tí wọ́n ṣe fún ọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ńṣe lo máa ń bọ́ ọ sílẹ̀ kó o tó jẹun, kó má baà tètè gbó. Èyí tó kù sẹ́nu tèmi ò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó lè sọ pé òun lòun ni ín. Ara mi le. Ojú ń ríran bí mo bá rí awò mi. Etí ń gbọ́ràn bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn mọ́ mi.

Ó yá, wá ìjókòó, torí ìròyìn tí mo mú wá yìí, ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí ìdúró lè ṣubú, orúnkún rẹ kò sì gba ìṣubú. Ọ̀rẹ́ rẹ ti di ẹnjiníà kọ̀ǹpútà! Èmi tí olùkọ́ lé jáde nílé ìwé pé mò ń sín òun jẹ bí òun bá kọ ojú sí pátákó, èmi yìí náà ni mo tún ẹ̀rọ kan ṣe tó ti sú àwọn tó kàwé. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló dìde fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n.

Ó dáa, ó dáa. Mo mọ̀ pé o ti ń mi orí. Wọn ò dìde fún mi, torí pé orí ìdúró ni àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ti máa ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Àtẹ́wọ́ náà ò ju ẹyọ kan lọ, ẹni tó sì pa á, ẹ̀fọn ló ń pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wà, ó bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe, ọwọ́ mi sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ àbíkẹ́yìn mi obìnrin, èyí tí mo sọ ní Ẹnjiníà láti kékeré nítorí pé ó tú aago ìyá rẹ̀ palẹ̀, kò sì mọ bó ṣe máa tò ó padà. Orúkọ ń ro ọmọ lóòótọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí ni pé ó ń kọ àṣẹ fún àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ. Kì í ṣe èyí tó lójú bíi tẹlifíṣọ̀n o. Eléyìí ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Èdè tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní ásẹ́ńbílì, ọ̀rọ̀ ṣókí ṣókí, àṣẹ kan lórí ìlà kan. Gbé èyí. Fi í síbẹ̀ yẹn. Rò wọ́n pọ̀. Padà sókè. Bí ọ̀gá wa ṣe máa ń bá ìwọ sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn nígbà tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, torí ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan á dà nù sójú ọ̀nà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ọmọ náà fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Ilé onígíláàsì tó ń ṣiṣẹ́ fún tẹ́lẹ̀, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun fẹ́ dá dúró. Ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀, èmi gba ojú oorun. Ta ló wá jẹ́ oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́? Ìyá Má-fọwọ́-kàn-án! Ìwọ gan-an lo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nígbà tó máa ń gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí òun fi máa fi ọ̀pá ìwọ̀n wọ̀n ọ́n lójú ara òun. Ó ti di ọ̀gá ńlá o. Ó ní ilé iṣẹ́ lẹ́yìn ibùdókọ̀, ó ní àwọn ẹ̀rọ tó ń fi òwú ya àwòrán sára aṣọ. Ẹ̀rọ tó tóbi jù nínú wọn ló ṣàdédé kú sọ́wọ́ rẹ̀. Irin rẹ̀ le, mọ́tò rẹ̀ le, ọpọlọ inú rẹ̀ ni ò sí mọ́, àwọn tó ṣe é kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọmọ mi ló bá a ṣe ọpọlọ tuntun.

Àdéhùn wọn rọrùn. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ṣiṣẹ́, gbogbo àwọn ẹ̀rọ yòókù ní ilé iṣẹ́ náà di iṣẹ́ ọmọ mi. Bí kò bá ṣiṣẹ́, obìnrin náà á pe àwọn ilé onígíláàsì, ọmọ mi á sì padà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba òun sílé. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kiri láti orí tábìlì dé ojú fèrèsé, tí ọbẹ̀ ń dì lórí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ní kí ẹ̀rọ yẹn rán ni ẹyẹ kan báyìí, àmì òtẹ́ẹ̀lì kan, sáyà aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ̀rọ á rán ìrù, ó dára. Á rán ìyẹ́, ó dára. Bó bá wá dé ọrùn, níbi tó ti ní láti yí kọ́rọ́kọ́rọ́ lórí eré, kà! abẹ́rẹ́ á kán. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí o. Ìwọ ti wọ́ tipẹ́, o ò tíì kán. Ilẹ̀ ilé iṣẹ́ yẹn wá kún fún ẹyẹ tí kò lórí. Mo ní kí wọ́n kó wọn fún òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ pé ẹyẹ náà ń sùn, ó ti ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn ìsinsìnyí kì í mọ ẹ̀fẹ̀.

Orí tábìlì oúnjẹ wa ló ti ń wá àrùn náà. Mo fa àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí o mọ̀ pé mi ò lè rí ẹni tó ń ṣe wàhálà kí n má lọ dá kún un. Ó sì rí i. Ó ní mẹ́mórì, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó àṣẹ pa mọ́ sí, dà bíi pẹpẹ gígùn kan tí wọ́n pín sí yàrá kéékèèké, gbogbo wọn dọ́gba délẹ̀. Àwọn àṣẹ tó kọ ló tò sínú yàrá wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá fẹ́ mú àṣẹ, kì í mú ẹyọ kan. Odidi yàrá ló máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àṣẹ péréte kan wá wà tó máa ń tún ṣe fún gbogbo ojú abẹ́rẹ́: gún un, fà á, sún aṣọ, padà sókè. Bí ìdìpọ̀ yìí bá wà nínú yàrá kan ṣoṣo, ẹ̀rọ á nawọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Bó bá jẹ́ pé ìrù yàrá kan ló ti bẹ̀rẹ̀, tó wá lọ parí sí yàrá kejì, ẹ̀rọ á máa nawọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní gbogbo ìgbà. Níbi tí ọ̀nà bá ti tọ́, ìyẹn ò pa á lára. Níbi ọrùn ẹyẹ tí kò ti sí àyè láti mí, ẹ̀rọ á ti fi bíńtín pẹ́, aṣọ á ti ṣípò kí abẹ́rẹ́ tó jáde tán. Kà!

Mo ní kí ni oògùn rẹ̀? Ó ní òun á ti ìdìpọ̀ náà síwájú kó lè bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu yàrá gẹ́lẹ́. Àlàfo tó bá wá ṣẹ́ kù níbi tó ti kúrò, òun á fi àwọn àṣẹ kan dí i. Mo ní kí ni àwọn yẹn ń sọ? Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi, ó ń kà á: "Má ṣe nǹkan kan. Má ṣe nǹkan kan. Má ṣe nǹkan kan."

Abẹ́rẹ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní a jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti ń kọ ásẹ́ńbílì fún mi láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra, torí ohun tó máa ń sọ fún mi nìyẹn nígbàkígbà tí àlejò bá ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé mi dénú egungun, á sì yé ìwọ náà. Ṣé o rántí aṣọ onílà? Bó o bá fẹ́ kí ìlà apá ọ̀tún ẹ̀wù pàdé ìlà apá òsì láyà, o ò lè gé e níbi tó bá ti wù ọ́. O ní láti fa bébà ìdíwọ̀n wálẹ̀ títí á fi bọ́ sójú ìlà. Èyí tó bá wá ṣẹ́ kù lókè, kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́, kò wúlò fún nǹkan kan, síbẹ̀ bí kò bá sí i, ẹ̀wù náà á máa wo ìhà méjì bí ojú ẹni tó mu ọtí. Mo sọ èyí fún ọmọ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà! Bí ọ̀run bá ya, aṣọ lẹ máa fi ṣàlàyé ẹ̀." Ṣùgbọ́n mo rí i pé inú rẹ̀ dùn. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé e lọ, wọ́n tan ẹ̀rọ, ẹyẹ wọn sì ní ọrùn. Ó ní orí, ó ní ẹnu, ó tún ń wo ni bí ẹni tó ń béèrè ẹni tó bẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n òun lórí. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ mi jẹun tán, ó tún bu òmíràn.

Ibi tó yẹ kí ìtàn parí sí nìyẹn, àbí? Ẹnu mi ò jẹ́ kó parí síbẹ̀.

Ìyá Má-fọwọ́-kàn-án ní òun fẹ́ lo ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ díẹ̀ kóun tó gbà á pátápátá. Ọmọ mi gbàgbé okùn iná kọ̀ǹpútà rẹ̀ síbẹ̀, ó ní kí n bá òun ya gbà á bí mo bá ń ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ bọ̀. Mo débẹ̀. Obìnrin náà rí mi, ó ní, "Háà, Àlùmọ́gàjí! Ẹ ò tíì kú?" Mo ní mò ń dúró kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ fún mi ní àyè, torí ẹ máa ń fẹ́ wọn ibi tẹ́ ẹ bá máa wọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, orí mi sì wú. O mọ bí ó ṣe máa ń ṣe mí. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, kò sí bírékì mọ́.

Mo ní, "Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ mi ti kó ìmẹ́lẹ́ kún inú ẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń bẹ níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n má ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn tò sórí ìlà, wọ́n káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo àwọn yòókù."

Àwọn ọmọbìnrin náà gbá yẹ̀ẹ̀. Obìnrin náà ò gbá. Ó rọra sọ awò rẹ̀ kalẹ̀ sí imú. "Kí ni wọ́n wà fún?"

Ó yẹ kí n sọ fún un. Ó yé mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ ni. Ṣùgbọ́n àlàyé kì í pani lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kí ẹrù lè pọ̀ ni."

Abẹ́rẹ́, ìwọ nìkan lo lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti gún un. Ta ló fi ìṣẹ́kù aṣọ onílà rẹ̀ rán àpò ìrọ̀rí, tó sì sá a sórí okùn níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ lè rí i? Ìwọ ni! Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ti fi ohun tí kò wúlò sínú iṣẹ́ rẹ̀, olè ni lójú rẹ̀. O gbin ín síbẹ̀, èmi bomi rin ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó gba ẹ̀rọ náà, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn de ọmọ mi, ọwọ́ níbàdí. Ó ní kó yọ gbogbo ìmẹ́lẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ òun, òun ò bímọ mẹ́fà kóun tún máa gba ọ̀lẹ. Ọmọ mi ní, "Màmá, àwọn yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ tó kù bọ́ sójú àyè." Ó ní, "Ìtàn yẹn ni bàbá rẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń sọ fún mi nípa aṣọ mi." Ó ní bí kò bá yọ wọ́n, ilé onígíláàsì á yọ wọ́n.  Ọmọ mi jókòó, ó yọ wọ́n lójú rẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ìrù, ó dára. Ìyẹ́, ó dára. Ọrùn: kà! Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́rẹ́ tó kán fa aṣọ náà ya dé etí férémù tí wọ́n na aṣọ sí. Obìnrin náà pariwo pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé ìbínú ló fi ba aṣọ òun jẹ́. Ó ti fa fóònù yọ, ó ti ń wá nọ́ńbà.

Ibi tí mo ti di ẹnjiníà nìyí o. Mo wọlé bí ọ̀gá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo mú aṣọ tuntun kan, mo fi sínú férémù, mo fà á le bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. O mọ̀ pé aṣọ gbọ́dọ̀ yọ síta férémù yíká, kó lè dì í mú. Mo wá mú àlùmọ́gàjí, mo ya ẹnu rẹ̀, mo gbé e lé ibi tó yọ síta yẹn. Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó, èyí tó yọ síta yìí, ẹ̀rọ ò ní rán ojú abẹ́rẹ́ kan sí i. Ìmẹ́lẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká gé e dànù ká tó bẹ̀rẹ̀."

Ó sọ fóònù sílẹ̀, ó fò sókè, ó ké tóò: "Má fọwọ́ kàn án! Òun ló di aṣọ mú!"

 Àlùmọ́gàjí dúró lófuurufú. Obìnrin náà wo férémù, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo férémù. Ọmọbìnrin kan tó wà nídìí òwú ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, lẹ́yìn náà gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí òun náà tó rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo ló sì fi rín in. Ó jókòó. Ó ní, "Dá wọn padà." Wọ́n dá wọn padà, wọ́n tan ẹ̀rọ, ọrùn ẹyẹ sì yí bí ìgbín tó ń wọ ilé. Kó tó di ọ̀sán, ó ti mú ọmọ mi káàkiri, ó ń fi àwọn ẹ̀rọ tó kù hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọlọ́run ṣeun.

Bá mi kí ìyàwó wa dáadáa. Sọ fún un pé bí o bá da ọbẹ̀ sí eyín rẹ lára, kó má ṣe fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àwo. Bá mi kí ọmọ tó jọ ọ́ nímú, sọ fún un pé ìrètí ṣì wà. Bá mi kí onígbàjámọ̀ yín, bó bá ṣì ń gba owó orí tí kò sí irun ńbẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n kí ọ. Ó ní kó o fi ẹsẹ̀ yẹn sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó o sì dákẹ́ ẹ̀kún.

Kí n tó fọwọ́ sí ìwé yìí, Abẹ́rẹ́, jẹ́ kí n sọ ibi kan bó ṣe rí gan-an.

Kì í ṣe èmi ni mo mú àlùmọ́gàjí. Ọmọ mi ni. Èmi ò sí nínú yàrá yẹn rárá. Mo sìn ín lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe máa yìn ín, mo sì jókòó síta lórí àpótí òwú lábẹ́ fèrèsé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀; èyí tí mi ò rí, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Mo gbọ́ nígbà tí ọmọ mi béèrè ẹni tó sọ fún un pé ìmẹ́lẹ́ ni wọ́n, mo gbọ́ tí obìnrin náà ní, "Bàbá rẹ ni."  Ojú mi ni mo fi ń wo ilẹ̀kùn. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti wọlé sọ, pé àwàdà ni mo ṣe. Mi ò dìde. Àwọn ìmẹ́lẹ́ inú ẹ̀rọ yẹn, ìjókòó wọn ń di nǹkan mú. Tèmi ò di nǹkan kan mú.

Nígbà tó jáde, mo ní kó má bínú. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ dìde ká lọ sílé." Ó di apá mi mú níbi tí gọ́tà wà, kò sì mẹ́nu kàn án mọ́ di òní. Ìbá bú mi, ǹ bá mọ èyí tí mo máa fi dá a lóhùn.

Mi ò tún ẹ̀rọ kankan ṣe. Ẹnu mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, òun fúnra rẹ̀ ló gbà á padà.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ mú ju orí rẹ̀ lọ,

Àlùmọ́gàjí.